Ẹ Má Lu Ọmọ Tí Ó Tú Rádíò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ìpàdé tí a ṣe láti múra sílẹ̀ fún ọdún wa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ dá àbá pé kí a ya ẹ̀bùn kékeré kan sọ́tọ̀ fún ọmọdé tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó ń ṣiṣẹ́, ìbáà ṣe ọkọ̀ alágolo, ìbáà ṣe abẹ̀bẹ̀ onípíìlì. Gbogbo yín mọ̀ pé CEP, BEPC àti bac nìkan ni a ń fún lẹ́bùn. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní: «Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá gbé ìwé ni à ń fà lọ sí ìsọ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi owó ẹgbẹ́ yin ọmọ tí ń tú rádíò bàbá rẹ̀.» Ilé hó, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àbá náà kú síbẹ̀. Èmi náà jókòó níbẹ̀, n kò la ẹnu mi. Ìtìjú pé n kò la ẹnu ni ó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣìnà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí n tó bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àkọ́bí mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, fi agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ó gé sálúbàtà tí ó ti gbó láti fi ṣe táyà. Kì í ṣe pé ó kàn ń fi okùn wọ́ ọ kiri bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ó fi wáyà so àwọn táyà iwájú mọ́ ọ̀pá gígùn kan tí ó dì mú. Bí ó bá yí ọ̀pá náà sọ́tùn-ún, táyà a yà sọ́tùn-ún, bí ó bá yí i sósì, wọn a yà sósì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Èmi dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú, mo bá ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí tábìlì: ipò kẹtàdínlógún. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ìró agolo náà létí mi. Mo ní: «Ṣé mẹkáníìkì ni o fẹ́ dà?» Ọmọ náà kò sunkún. Ó ṣa àwọn agolo náà jọ, ó lọ dà wọ́n sí ààtàn, kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́ lójú mi.

Lónìí ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní Kútọnu, ó ń bọ́ aya àti ọmọ. N kò lè sọ pé ayé rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó máa ń lọ jókòó ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò rẹ̀. Kì í tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, wíwò lásán ni ó ń wò. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ fún mi, ó rò pé ẹ̀rín ni yóò pa mí.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tú agogo ògiri mi nígbà tí mo ń sun oorun ọ̀sán. Mo jí, mo bá a tí ó to àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín inú agogo náà sórí ẹní, láti orí èyí tí ó tóbi jù dé èyí tí ó kéré jù. Ọwọ́ mi ti gòkè láti gbá a létí. Ó gbójú sókè, ojú bàbá rẹ̀ ni mo rí. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo jókòó tì í lórí ẹní.

Ta ni ó kọ́ wa láti máa fojú tín-ínrín iṣẹ́ ọwọ́? Kì í ṣe àwọn baba ńlá wa. Ní ayé àwọn Faransé, ibi tí a ti ń mú akọ̀wé ni wọ́n fi Dahomey ṣe. Emmanuel Mounier ni a gbọ́ pé ó pe ilẹ̀ yìí ní «Quartier latin de l'Afrique», a sì gbé orúkọ náà kọ́rùn bí ẹni gbé iyùn kọ́rùn. Àwọn bàbá wa lọ ṣe akọ̀wé àti olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, títí dé Dakar, títí dé Abidjan. N kò fi ìwé ṣẹ̀sín o. Ìwé ni ó bọ́ mi, ìwé ni ó kọ́lé fún mi, òun náà ni mo fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀kọ́ náà, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan: pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní ni ènìyàn, ẹni tí gíríìsì bá wà ní ọwọ́ rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí 1989. Ìjọba kò rí owó oṣù san, oṣù ń gorí oṣù. Àwa tí a ní maîtrise lápò ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n, títí ọ̀rọ̀ fi di àpéjọ gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù kejì ọdún 1990. Kí ó tó dìgbà náà ni ìjọba ti dáwọ́ dúró láti máa gba àwọn tí ó jáde ní yunifásítì síṣẹ́ bí ó ti ń gbà wá; ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò wa gun alùpùpù, wọ́n di zémíjàn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn. Ẹni tí ó yá mi ní owó ìrẹsì ní ọdún yẹn, ọkùnrin kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ni. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Mo san owó náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi ṣe ọkọ̀ alágolo ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, kò wá sí mi lọ́kàn láti mú un lọ bá ọkùnrin náà kí ó bá mi wò ó.

Ẹgbẹ́ àṣà ni a pe ara wa. Ó dára. Kí ni a máa ń fi han àlejò? A máa ń mú wọn lọ sí Àkàbà Ìdènà ní Kétu, a ó dúró níwájú ẹnu odi náà, a ó máa ka orúkọ àwọn ọba. Lẹ́yìn náà a ó mú wọn lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001, tí ó sì kọ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Mo fẹ́ bi yín léèrè: ẹ ti wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa rí bí, tàbí ìlù àti ijó nìkan ni ẹ ń wò?

Àwọn orí kan wà tí ère orí wọn kì í dúró sójú kan. Ejò yóò nà mọ́ ẹyẹ, ẹyẹ yóò yí ọrùn padà. Ènìyàn yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Oníjó ni ó ń fa okùn lábẹ́ aṣọ, tí àwọn òǹwòran kò sì rí i. Ẹ ronú sí ohun tí ìyẹn gbà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní láti gbẹ́ igi náà fẹ́lẹ́ kí ó má baà ṣẹ́ oníjó lọ́rùn, síbẹ̀ kí ó má fọ́ nígbà tí oníjó bá ń fò. Ó ní láti mọ ibi tí yóò lu ihò sí, kí okùn má baà há. Ó ní láti mọ ohun tí yóò dá ère padà sí ààyè rẹ̀ nígbà tí a bá tú okùn sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ẹnjiníà ni a ó pè é. Ní tiwa, a ní «iṣẹ́ àwọn baba wa», a sì kọjá lọ, bí ẹni pé igi náà gbẹ́ ara rẹ̀.

Ọmọdé ni gbẹ́nàgbẹ́nà náà rí. Ó ti fi ọ̀bẹ ìyá rẹ̀ gé nǹkan kan rí, ó ti ba nǹkan kan jẹ́ rí. Bí bàbá rẹ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí èmi ti tẹ ti ọmọ mi, kí ni a ò bá rí gbé lọ síwájú UNESCO?

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti ère irin Gu, Ògún tiwa náà ni. Akati Ekplekendo ni ìtàn sọ pé ó rọ ọ́ fún Glèlè, ọba Dahomey. Irin tí a kó jọ ni, tí a lù, tí a sì kàn mọ́ra, tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Mo mọ̀ pé ọmọ ogun Glèlè kan náà ni ó pa Kétu run ní 1886, n kò gbàgbé, ẹ̀yin náà kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń sọ, n kò sọ ti ogun. Nígbà tí France dá ohun 26 padà fún Benin ní 2021, ère Gu kò sí lára wọn. Ó wà ní Paris di ìsinsìnyí. A ti kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, a ti bínú lórí rẹ̀, ó sì tọ́ kí a bínú. Ṣé ẹ wá rí ohun tí a ń ṣe? A ń sunkún ère tí ó wà lókè òkun, a sì ń fi pàṣán lé ọwọ́ tí ó lè rọ òmíràn kúrò nídìí irin.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni èyí, kí ó yí ojú sí Lomé. Ní 2013, Afate Gnikou, ọmọ Togo, wà ní WoeLab níbẹ̀, ó ṣa ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti scanner tí àwọn ènìyàn ti sọ nù, ó fi wọ́n ṣe imprimante 3D, ẹ̀rọ tí ń mọ ohun tí a yà sínú kọ̀ǹpútà jáde ní ohun gidi tí ọwọ́ lè dì mú. Orí ààtàn ni ó ti rí i. Irú ààtàn tí ọmọ mi da agolo rẹ̀ sí.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa yóò sọ: «Ṣé kí a wá mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí a fi í fún ọ̀gá ni?» Rárá o. Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá jà ṣìkejì. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí òbí rẹ̀ sọ pé «ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́», tí wọ́n tìtorí bẹ́ẹ̀ fà á fún ọ̀gá. Omi ni ọmọ náà ń pọn. Ọmọ ìyàwó ọ̀gá ni ó ń pọ̀n. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, kò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí àyàfi láti nu epo ara rẹ̀ kúrò. Bí ó bá sì pé ọdún tí a dá fún un, òbí yóò tún wá owó ńlá kó sílẹ̀ fún libération kí a tó sọ pé ó gba òmìnira. Ohun tí ó wà nínú orí ọmọ náà ti kú kí ìgbà náà tó dé. Ọkọ̀ òde òní sì rèé, kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè ka ìwé, tí kò lè fi iye kan pín òmíràn, kò ní ju ẹni tí ń na pẹ́ńsì sí ọ̀gá lọ. Ọgbọ́n wà nínú ètò CQP tí ó wà ní Benin, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó sì tún ń jókòó ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ti àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan tún wà, wọ́n pọ̀ nínú wa, tí yóò ní «ọmọ Ògún ni, bàbá bàbá rẹ̀ ni ó padà wá», wọn a kì í ní oríkì, wọn a sì lọ jókòó. Oríkì dára. Oríkì kò ra tournevis.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi nígbà tí ó bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, nítorí kò dára kí ènìyàn máa báni wí láìfi ọ̀nà hàn. Mo fún un ní igun kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹní kan, agbọ̀n kan, tournevis méjì, pẹ́ńsì kan. Ohun tí ó ti bàjẹ́ ni ó ń tú, mo sì bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n má sọ tiwọn nù. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí okùn rẹ̀ wà lára iná ògiri. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, nítorí iná a máa wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn rẹ̀ pàápàá. Píìlì fóònù tí ó ti wú, èmi ni ó ń pè. Kò sì sí ohun tí ó gbé e dé ìdí ìgò kpayo. Bí ó bá rú òfin, agbọ̀n náà yóò sùn sí yàrá mi fún ọjọ́ méjì. N kò nà án, ó sì dùn ún ju ẹgba lọ.

Kí ó tó tú ohunkóhun, ó ní láti yà á sínú ìwé. Àwòrán rẹ̀ kò dára, kò ṣe nǹkan kan. Ojú ni ó ń fi kọ́ láti rí. Bí ó bá tú u tán, èmi yóò béèrè pé: «Èyí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?» Èdè wa ni ó gbọ́dọ̀ fi dá mi lóhùn. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ tó nínú èdè tí a ní kò mọ ẹ̀rọ: eyín, ojú, ìdè, ọ̀pá, ìdérí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán, Faransé ni a ń lò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan tí ó ṣì ń lo ẹwìrì. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní: «Bàbá, kí ló dé tí ẹwìrì fi jẹ́ méjì?» Alágbẹ̀dẹ náà kò dáhùn. Ó fún un ní ọ̀pá ẹwìrì kan ṣoṣo, ó ní kó máa fẹ́ná. Iná náà ń tàn, ó ń rọlẹ̀, ó ń tàn, ó ń rọlẹ̀. Ó wá fún un ní èkejì, pé bí ọ̀tún bá ń lọ sílẹ̀ kí òsì máa gòkè. Iná náà dúró ṣinṣin. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sókè. Mo ti kàwé púpọ̀ láyé mi, n kò rí olùkọ́ tí ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ ní CP ti fẹjọ́ sùn pé kì í jókòó sójú kan. Mo lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lọ bá a jà. A jọ fẹnu kò pé kí ó máa fi bóòtù ka iye dípò kíka á lójú pátákó nìkan. Ó ń yọ iye kúrò nínú iye báyìí láìsí ẹkún. Ohun kan tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni kí àwọn àlejò máa pè é pé kó wá tún fóònù àwọn ṣe, kí wọ́n máa fún un ní ọgọ́rùn-ún frank. Kì í ṣe ọ̀bọ tí a ń mú jó lọ́jà.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin nìkan ni. Ní àdúgbò mi, ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọta. Láti ẹ̀yìn ilé ni ọmọ náà ti ń gbọ́ ọ nígbà tí bẹ́líìtì bá ti dẹ̀, kí ìyá tí ó dúró tì í tó mọ̀. Wọ́n ní kó lọ gbálẹ̀. Ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì wà ní Onígbòlò, ti súgà wà ní Ṣábẹ̀, lórí ilẹ̀ wa. Ṣé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni irú ọmọbìnrin yẹn yóò ti máa ta gààrí, tàbí yóò wọ inú wọn lọ pẹ̀lú etí rẹ̀ yẹn?

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, èmi fúnra mi ni yóò tún gbé àbá náà kalẹ̀. Ẹ̀bùn kan ní ọjọ́ ọdún wa, lójú àwọn ọba, pẹ̀lú ti bac, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àti ọjọ́ kan nínú ìsinmi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò ṣí abẹ́ ère wọn han àwọn ọmọdé, kí wọ́n rí okùn náà. Owó ẹ̀bùn ọdún àkọ́kọ́ yóò ti inú owó ìfẹ̀yìntì mi wá. Ẹ̀gbọ́n wa, mo ń sọ ọ́ fún yín ṣáájú, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀yìn yín ni mo ti gbé e gbà.

Agogo ògiri mi kò tíì ṣiṣẹ́. Ó ku kẹ̀kẹ́ eléyín kan tí ọmọ náà kò tíì mọ ibi tí ó ń lọ, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ fún òun. Ní Sátidé tó kọjá, bàbá rẹ̀ wá láti Kútọnu. Mo rí i láti ojú fèrèsé tí ó bọ́ bàtà, tí ó jókòó sórí ẹní náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, tí ó mú kẹ̀kẹ́ kékeré náà, tí ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Wọn kò pè mí. Mo padà sí yàrá mi.